Ahọ́n Wa Kò Yadi

Nínú àkọsílẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí lẹ́yìn àpèjọ wa ní Tré ní oṣù kẹjọ, ojú ìwé 4 wà ní èdè Faransé, ìlà 3 péré sì wà ní Yorùbá. Ojú ìwé mẹ́rin náà sọ àwọ̀ ọtí àjàrà pupa kan, òórùn rẹ̀, bí ó ti rí lórí ahọ́n, iye ọdún tí ó lò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, àti ìdí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún irú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta náà sọ pé a pàdé, pé a mu ọtí àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Faransé, àti pé ó dùn púpọ̀. Mo bi ẹni tí ó kọ ọ́ léèrè ìdí tí ti Yorùbá fi kúrú bẹ́ẹ̀. Ó fi ìtìjú díẹ̀ dáhùn pé èdè wa kò tíì ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó mọ̀wé, n kò sì kọ èyí láti dójú tì í, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wí kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rí mi ni pé mo wà níbẹ̀, mo sì mu nínú ìgò méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìgò méjì ni a ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ náà dárúkọ, ní èdè méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọtí àjàrà pupa láti ilẹ̀ Médoc ní ẹ̀bá Bordeaux, ìkórè ọdún 2005. Ilé kan náà ni ó pọn ọ́n, ìwé kan náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò lára. Ọmọ Tré kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ni ó rà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ní ọdún 2008. Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí bàálé ilé wọn ní Tré. Bàálé kò ṣí i. Ó gbé e dúró sórí pẹpẹ nínú yàrá ìgbàlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí gbogbo ẹni tí ó bá wọlé lè rí i, ó sì ń retí ọjọ́ tí yóò tó ọtí náà. Ọjọ́ náà kò dé títí ọmọ rẹ̀ fi bá àwọn tí ń lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà wálé ní oṣù kẹjọ yìí, tí ó sì gbé ìgò tirẹ̀ dání.

Ẹni tí kò bá mọ bí ọtí àjàrà ti ń dàgbà lè má rí ohun tí ó burú nínú èyí. Kì í ṣe gbogbo ọtí àjàrà ni ó yẹ kí a fi pamọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ ni wọ́n pọn fún mímu láàrin ọdún díẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó lè pẹ́ ni èyí tí ó kan dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, tí tánìn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ni tánìn ti ń jáde, ó sì tún ń ti ara àgbá onígi wá. Òun ni ó ń fún ahọ́n pọ̀, tí ó ń mú ẹnu gbẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánìn àti aró pupa inú ọtí ń so mọ́ ara wọn, wọ́n ń wúwo, wọ́n ń rọ̀ sísàlẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àwọ̀ tí ó jẹ́ ti elésè àlùkò nígbà èwe a di pupa rúsúrúsú. Òórùn èso tútù a fà sẹ́yìn. Òórùn awọ, ewé tábà, olú àti ilẹ̀ tútù a jáde síwájú. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ń fẹ́ òkùnkùn, ó ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń fẹ́ òtútù tí kì í yí padà, nǹkan bí ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. A sì gbọ́dọ̀ tẹ́ ìgò sílẹ̀, kí ọtí lè máa rin èèpo igi tí a fi dí i lẹ́nu. Bí èèpo náà bá gbẹ, yóò súnkì, afẹ́fẹ́ yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Ní Tré, ooru ọ̀sán oṣù kẹta a máa kọjá 35. Nígbà ọyẹ́, ètè ènìyàn pàápàá ń bẹ́, áḿbọ̀sì ìdérí ìgò.

Ìgò ti bàálé ni a kọ́kọ́ ṣí, kí a lè fi ọ̀wọ̀ fún onílé. Èèpo igi náà wó mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó ń fà á. Ohun tí a dà sínú ife ní àwọ̀ omi àgbo. A gbé e sẹ́nu. Ẹnu mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kò tọ́, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò, etí mi sì wà lọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa « bouquet évolué », nípa « pruneau », nípa « tanins fondus ». Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí, mo ní « magnifique ». Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìyá kan wà nínú agbo ilé náà tí ó ń pọn tchakpalo tà. Ó ń kọjá lọ tòun ti igbá rẹ̀ ni ẹnìkan fi ẹ̀fẹ̀ pè é pé: « Ìyá, ẹ wá bá wa tọ́ ọtí òyìnbó wò o. » Ó kúnlẹ̀ kí bàálé, ó gba ife, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ẹnu, ó sì tu ú sí ẹ̀bá ògiri. Ní èdè Ìdáàṣà ni ó ti sọ̀rọ̀. Mo tún un kọ níhìn-ín lọ́nà tí gbogbo wa yóò fi lè kà á:

« Ẹ má bínú, Baba. Èyí ti kan. Ooru ti sè é kí ó tó kan. »

Ilé pa lọ́lọ́. Bàálé wo pẹpẹ rẹ̀ níbi tí àyè ìgò náà ti ṣófo. Ọmọ tí ó ti ìrìn àjò dé tún bu díẹ̀ mu, ó gbé ife kalẹ̀, ó sì sọ pé òótọ́ ni Ìyá sọ: ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́tí lọ́hùn-ún ń lò fún irú èyí gan-an ni « cuit », ohun tí a ti sè. Nígbà tí a ṣí ìgò kejì, kò sí ẹni tí ó kánjú sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu Ìyá ni gbogbo wa ń wò. Ó mu ún, ó mú un dúró lẹ́nu díẹ̀, ó gbé e mì.

« Èyí kò ṣàìsàn. Ó gbó ni. Ó ti ń fún èèyàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀ rí, ó ti wá tú ọwọ́ sílẹ̀. »

Ó tún gbóòórùn ife náà, ó ní ó ń rùn bí inú abà iṣu lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dá ife padà, ó ní kò ládùn tó fún òun, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ojú ìwé mẹ́rin náà, kò sì sí nínú ìlà mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó sọ. Ó rí àìsàn méjì nínú ìgò kan, ó sì mọ èyí tí ó ṣáájú. Ó sọ pé ọtí kejì ní ìgbà èwe tí ó le, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a ní èwe rẹ̀. Ohun tí tánìn ń ṣe láàrin ogún ọdún ni ó fi gbólóhùn kan sọ. Ó ya ohun tí ó gbó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn pẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí, *gbó*, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń dáko ní abẹ́ àwọn òkè wa: iṣu tí a wà kí ó tó gbó, gbogbo ọjà ni yóò mọ̀. Lóòótọ́, aṣọ náà a máa gbó, àkísà ni ó sì ń dà. Èdè wa fi àyè sílẹ̀ fún wa láti ṣe ìdájọ́. Ọdún kan náà ni ìgò méjèèjì lò lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀kan gbó. Èkejì pẹ́ títí ó fi bàjẹ́. Àwa tí a ń fi ọjọ́ orí yangàn ni ó yẹ kí ìyàtọ̀ yìí yé ju gbogbo ayé lọ, ṣùgbọ́n 2005 tí ó wà lára ìgò dí wa lójú.

Kì í sì í ṣe pé Ìyá ní ẹ̀bùn àràmàǹdà. Owó rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ń rẹ ọkà bàbà, tí ń dúró kí ó hù, tí ń sá a, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń sè é, bí ó bá jẹ́ kí ọtí rẹ̀ kan kọjá àlà, òun ni yóò jẹ gbèsè igi ìdáná. Ahọ́n tí ń ṣọ́ owó kì í yọ́nú sí ìwé ara ìgò. Kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ẹmu di kíkan nígbà tí ó bá pẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí ń ba ọtí Médoc jẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ìgò rẹ̀. Ẹ tilẹ̀ wo orúkọ tí àwọn Faransé fún ohun tí ó ń dà: *vinaigre*, ọtí àjàrà tí ó kan. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é ní ọtí kíkan. Èdè méjì tí kò bára wọn tan, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà sọ orúkọ rẹ̀. Níbo ni àìní ọ̀rọ̀ wà nínú èyí?

N kò sọ pé Faransé ni ó purọ́ fún wa. Irọ́ tí a pa ní Yorùbá lọ́jọ́ náà kúrú ju ti Faransé lọ ni, « ó dùn púpọ̀ », ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àwọn tí ó ni ọtí náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìtànjẹ ojú. Ní ọdún 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tí ń kọ́ ìmọ̀ ọtí àjàrà ní Bordeaux ní ọtí funfun kan pé kí wọ́n sọ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún fún wọn ní ọtí funfun yìí kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aró tí kò ní òórùn sọ ọ́ di pupa. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò fún ọtí pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi júwe rẹ̀. Wọ́n gbọ́ Faransé ju wa lọ, ìwé iṣẹ́ náà wà lórí wọn, síbẹ̀ ojú ni ó sọ̀rọ̀, ẹnu kàn ń jẹ́rìí sí i. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń fi èdè abínibí rẹ̀ tọ́ nǹkan wò, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ àyálò tọ́ ọ?

Nítorí àyálò ni. « Cassis » kún inú ojú ìwé mẹ́rin náà. Mélòó nínú wa ni ó ti fi èso cassis sẹ́nu rí? Akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò tíì rí i sójú. « Sous-bois » ń kọ́? Òórùn abẹ́ igi ni, lẹ́yìn òjò, níbi tí ewé ti ń jẹrà. Ọmọ Faransé tí ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà fún ọtí rántí igbó ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ó ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ tí Ìyá ṣe nígbà tí ó dárúkọ abà iṣu. Émile Peynaud, tí ìwé rẹ̀ *Le Goût du vin* jáde ní 1980, lo apá púpọ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ìtọ́wò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe sí èdè wọn. Àwa gba àbájáde iṣẹ́ náà, a há a sórí, a wá ń pè é ní ìmọ̀.

Wọ́n á ní bí a bá kọ ọ́ pé ọtí kan rán wa létí àgbálùmọ̀ tàbí ìyeyè, ará Bordeaux kò ní í yé. Ẹni tí ó kọ « cassis », ǹjẹ́ ó ránṣẹ́ béèrè ní Tré bóyá yóò yé wa?

Ohun tí ó tún ń dùn mí ni pé a kò wo bí èdè wa ti ń tọ́ nǹkan wò. Faransé ń to ọ̀rọ̀ orúkọ: *cuir, tabac, cassis*. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ti Yorùbá. Ọtí kan, ó korò, ó ta, ó fún ahọ́n, ó há lọ́fun, ó ki, ó ṣàn, ó kúnná. A kì í kọ́kọ́ sọ ohun tí ọtí jọ. Ohun tí ó ń ṣe fún ẹnu ni a ń sọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kejì yóò wá wọn bí ó ti ṣe é tó: ó kan gógó, ó ki pọ́pọ́, ó kúnná lẹ́búlẹ́bú, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Àwọ̀ pàápàá, ẹ gbọ́ bí ó ti jìnnà sí ara wọn tó láti pupa yòò dé pupa rúsúrúsú, ìrìn àjò ogún ọdún ọtí Médoc sì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tánìn nìkan ni mo yá, nítorí orúkọ ohun kan pàtó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jẹ èso kajú rí ní ẹkùn Collines, tí ó ti fi eyín gé obì tútù, mọ tánìn kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yóò sọ pé ìyà ni ó ń jẹ wá, pé kí ni ọtí àjàrà já mọ́ níwájú ẹmu, kí a fi ti òyìnbó sílẹ̀ fún òyìnbó. N kò bá wọn lọ. (Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ọtí, kó fi omi ọsàn rọ́pò rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo ń wí, ẹjọ́ náà kò yí padà.) Wọ́n ní ọmọ Dahomey kan tí ó lọ bá Faransé jà nínú Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ni ó kọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọtí di oru, tí oru náà sì ń padà di ọtí líle, ó dé ilé, ó fi ẹmu dán an wò, a sì ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ pe ọtí náà títí di òní: sodabi. Ìjọba amúnisìn gbógun tì í. Kò kọ ìmọ̀ ilẹ̀ Faransé, kò sì gbé ìgò ilẹ̀ Faransé ka orí pẹpẹ kí ó máa wò ó. Ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí ìdí ọ̀pẹ.

Àwọn mìíràn ń retí ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe tiwọn: ní 1984 ni *Èdè-Ìperí Yorùbá* jáde lábẹ́ àmójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni, ní 1996 Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ aládùúgbò wa, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò bá wa tọ́ ọtí wò. Ẹni tí ó fi sẹ́nu ni yóò sọ ọ́.

Ẹ ṣí àwọn ìwé wa tí ó ti jáde sẹ́yìn. Ojú ewé Yorùbá: oríkì, òwe, ìkíni ọdún, ìkíni kú ọ̀fọ̀. Ojú ewé Faransé: iye tí kajú ń lọ, omi kànga, àbájáde ìdánwò, àti báyìí, ọtí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ka ìwé yìí láti ọdún dé ọdún yóò gbà pé èdè kan wà fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, èkejì sì wà fún àpọ́nlé. Bí ó bá wá sọ lẹ́yìn náà pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀, àwa ni a kọ́ ọ. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí olóòtú má ṣe tẹ ìlà mẹ́ta náà. Kí ó fi àwọn ìlà ìsàlẹ̀ yìí rọ́pò wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa sì túmọ̀ wọn sí Faransé. Faransé rẹ̀ dára, yóò lè ṣe é.

*Ìgò kìíní.* Médoc, 2005. Ó dúró lórí pẹpẹ ní Tré láti ọdún 2008. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi àgbo, kò mọ́ gaara. Ó ń rùn bí èso tí a sè jù. Kò ní agbára kankan ní iwájú ẹnu, ó sì kan gógó lẹ́yìn ahọ́n. Ooru àti afẹ́fẹ́ ni ó bà á jẹ́, kì í ṣe ẹni tí ó pọn ọ́n, kì í sì í ṣe bàálé tí ó fi ìfẹ́ tọ́jú rẹ̀. A kò mu ún tán.

*Ìgò kejì.* Ọtí kan náà, ọdún kan náà. Ó sùn nínú òkùnkùn àti òtútù títí di oṣù keje. Pupa rúsúrúsú ni, bí ilẹ̀ ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ní etí ife ó ti ń fà sí àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Òórùn ewé tábà gbígbẹ ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ti awọ, lẹ́yìn náà ti inú abà iṣu nígbà àkọ́rọ̀. Ẹni tí ó sọ èyí ìkẹyìn ni ìyá tí ń pọn tchakpalo nínú agbo ilé náà. Ó kan díẹ̀, bí àgbálùmọ̀ tí ó pọ́n tán. Ó ṣì ń fún ahọ́n, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń dì ọ́ lọ́wọ́ mú tí ó fẹ́ jẹ́ kí o máa lọ. Ó kúnná. Ó pẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn tí a gbé e mì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìgò. Nǹkan bí ìka kan ni a fi sílẹ̀ tí a kò dà sínú ife.